Áísì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ, Yàrá Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

   

Ọ̀rọ̀ mítà iná ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin, ariwo kan gba ìgboro: ẹni tí kò bá tún mítà àsansílẹ̀ rẹ̀ ṣe kó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, mítà náà kò ní í gba nọ́ńbà iná mọ́. Ilé-iṣẹ́ IBEDC tó ń pín iná fún Mowe àti Ibafo polongo rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ iná yòókù káàkiri orílẹ̀-èdè náà sì polongo tiwọn. Ẹni tó bá lọ ra iná nígbà náà, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń já lé e lọ́wọ́ dípò ẹyọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́yọ ogún. Méjì àkọ́kọ́ kò sì gbé iná kankan wá! Àwọn ìyá wa tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n wo ojú mítà, yúníìtì kò kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì.

Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Nínú mítà yín, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Òun ni mítà fi ń mọ̀ pé nọ́ńbà iná tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, àti pé tiyín ni, kì í ṣe ti aládùúgbò. Gbogbo nọ́ńbà iná ló tún gbé àkókò kan sínú: iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993. Àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú yìí jẹ́ bíìtì 24, bíìtì 24 kò sì lè kà ju 16,777,216 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, kò pé ọdún 32. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló kún. Kí kíkà tuntun lè bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kà láti ọdún 2014 báyìí, mítà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ tuntun.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Kọ́kọ́rọ́ tuntun náà jẹ́ bíìtì 64. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ ogún tí ẹ ń tẹ̀, bíìtì 66 ló lè gbé. Ẹni tó bá yára ṣírò á ní 64 kò ṣáà tó 66, kí wọ́n kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kó tán. Àmọ́ àwọn kan ti gba àyè nínú 66 yẹn. Bíìtì mẹ́fà lọ fún sísọ irú iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà wá ṣe: ṣé owó iná ló gbé wá ni, àbí àyípadà kọ́kọ́rọ́? Bíìtì 16 lọ fún àyẹ̀wò, tí mítà fi ń mọ̀ bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì tẹ òdì. Àwọn àmì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ kó mélòó kan lọ. Ohun tó kù fún kọ́kọ́rọ́ kò ju bíìtì 32 lọ, ìdajì géérégé. Wọ́n bá gé kọ́kọ́rọ́ sí méjì. Nọ́ńbà kan sọ fún mítà pé, "Ìdajì òkè ni mo gbé dé"; èkejì ní, "Tèmi, ìdajì ìsàlẹ̀ ni." Mítà so méjèèjì pọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà kẹta ló wá gbé yúníìtì wọlé.

Kí ẹ máa rò pé ti mítà nìkan ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú tẹlifíṣọ̀n yín nìyẹn, nínú ínfátà, nínú fóònù tó wà lápò yín: nígbà tí ọ̀nà tó wọlé bá kéré, a ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, lẹ́yìn náà a ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Áísì ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pe nǹkan dúdú pẹlẹbẹ tó ní ẹsẹ̀ irin, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn àyè kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pa nọ́ńbà kan mọ́. Rédíò ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbọ́ mi yìí, bí ohùn mi ṣe ga tó, nọ́ńbà kan nínú rẹ́jísítà kan ló ń sọ ọ́. Ẹ yí i sókè, nọ́ńbà yẹn ni ẹ yí padà.

Wàyí o, bí áísì kan bá ní rẹ́jísítà 64, báwo ni ẹni tó wà níta ṣe fẹ́ tọ́ka sí ẹyọ kan nínú wọn? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni pé kí wọ́n fún áísì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tí a ó fi pe nọ́ńbà rẹ́jísítà, ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí nọ́ńbà yóò máa gbà wọlé jáde, ẹsẹ̀ fún kíkà, ẹsẹ̀ fún kíkọ, ẹsẹ̀ tí a fi ń jí i, ká tó wá fún un ní iná àti gírándì. Ẹsẹ̀ 19 nìyẹn fún iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ sì lówó lórí. Ẹsẹ̀ kan, ojú ìjó lẹ́ẹ̀dì kan. Ẹsẹ̀ kan, ìlà kan lórí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹsẹ̀ kan, ibì kan tí ìpẹtà lè gbà wọlé ní àsìkò òjò.

Ẹ fojú inú wo ilé fésìmí-áfésìyú oníyàrá púpọ̀, tó jẹ́ ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, tí kò sí fèrèsé lójú títì. Ẹni tó fẹ́ jíṣẹ́ fún ará yàrá keje, kò lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò pe nọ́ńbà ilé, yóò pe nọ́ńbà yàrá, kó tó wá jíṣẹ́ tó bá wá. Áísì ni ilé, rẹ́jísítà ni yàrá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn tó tètè rí i pé ẹsẹ̀ kò tó, wọn kò mú un ní kékeré. Lọ́dún 1971, Intel gbé 4004 jáde, èyí tí ilé-iṣẹ́ Busicom ti Japan gbéṣẹ́ rẹ̀ fún wọn nítorí ẹ̀rọ ìṣirò. Federico Faggin, Ted Hoff, Stan Mazor àti Masatoshi Shima ló ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ 16 péré ni áísì náà ní. Àdírẹ́sì tó ní láti máa pè jẹ́ bíìtì 12, ẹsẹ̀ tó wà fún un kò sì ju mẹ́rin lọ. Wọ́n bá ń pe àdírẹ́sì kan lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rin-mẹ́rin. Lọ́dún 1973, Robert Proebsting ní ilé-iṣẹ́ Mostek ní Texas lo irú ọgbọ́n náà fún áísì ìrántí: àdírẹ́sì bíìtì 12 gba ẹsẹ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, ìlà ìbú lákọ̀ọ́kọ́, ìlà òró tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ 16 ni tiwọn, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà ní 22. RÁÀMÙ tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń rà lónìí ṣì ń pe ìlà ìbú àti ìlà òró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1982 ni Philips ti ilẹ̀ Netherlands wá gé gbogbo rẹ̀ kù sí wáyà méjì. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń rò. Áísì àwòrán, ti ohùn, ti ìkànnì, gbogbo wọn ní rẹ́jísítà, gbogbo wọn sì fẹ́ gbọ́ àṣẹ lẹ́nu áísì ọ̀gá kan. Wọ́n ní kí gbogbo wọn jọ rọ̀ mọ́ wáyà méjì kan náà. SDA ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, SCL ló ń lu ìlù tí wọ́n fi ń rìn. Ilé kọ̀ọ̀kan gba àdírẹ́sì bíìtì méje. 128 ni ìyẹn, wọ́n pa 16 mọ́ fún iṣẹ́ àkànṣe, ó ku 112. Bọ̀ọ̀dá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fadà lè má mọ ìtàn Philips, ṣùgbọ́n ó mọ SDA àti SCL; wọ́n kọ ọ́ sára pánẹ́ẹ̀lì. Ó sì mọ mẹ́mọ́rì áísì, 24C08 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń rántí ìkànnì tí ẹ wá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ áísì kan ṣoṣo. DS1307 ni orúkọ rẹ̀, aago ni. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Méjì so mọ́ kírísítà tó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n ẹgbẹ̀rún ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 32,768 gééré. Ọ̀kan lọ sí bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí owó kọ́bọ̀, kí aago má bàa gbàgbé ara rẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ. Iná, gírándì, ẹsẹ̀ kan tó lè máa mú gílóòbù kékeré ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà SDA àti SCL. Ó parí. Yàrá 64 ló sì wà nínú rẹ̀. Yàrá òdo ń pa ìṣẹ́jú-àáyá mọ́, yàrá kìn-ín-ní ìṣẹ́jú, ìkejì wákàtí, títí dé ọdún ní yàrá kẹfà. Ìkeje ń ṣàkóso ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ́jú yẹn. Yàrá 56 tó kù ṣófo, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kó sí i.

Ká ní áísì ọ̀gá fẹ́ mọ ìṣẹ́jú tí a wà. Yóò fa SDA wálẹ̀ nígbà tí SCL ṣì wà lókè. Gbogbo ará wáyà yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yóò pe 1101000, àdírẹ́sì DS1307, yóò fi òdo kan tì í lẹ́yìn, tó túmọ̀ sí pé, "Mo fẹ́ kọ nǹkan." Ní ìlù kẹsàn-án, ọ̀gá tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára SDA, ó ń retí. Bí DS1307 bá wà láyè, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa SDA wálẹ̀: "Mo wà ńbí o." Ọ̀gá wá pe nọ́ńbà yàrá: ọ̀kan. Áísì tún jẹ́ ẹ. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó tún pe 1101000, ó fi ọ̀kan tì í lẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí: "Mo fẹ́ kà." Nígbà náà ni nọ́ńbà ìṣẹ́jú á jáde wá ní ẹyọ-ẹyọ. Bí ọ̀gá kò bá tíì ní kó dúró, áísì á bọ́ sí yàrá tó tẹ̀lé e fúnra rẹ̀, á fi wákàtí ránṣẹ́, á fi ọjọ́ tẹ̀lé e. Kò sídìí láti máa pe nọ́ńbà yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlù 36 lọ sórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Áísì ẹlẹ́sẹ̀ 19 ì bá ti fi gbogbo rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò la fi san owó ẹsẹ̀ tí a dín kù, mi ò ní í tàn yín. Ṣùgbọ́n ìlù ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni DS1307 lè gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìlù 36 kò tó ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ta ló ń kánjú tó bẹ́ẹ̀ láti mọ ìṣẹ́jú? Ibi tí kíkánjú bá wà lóòótọ́, bíi fídíò tó ń lọ sójú tẹlifíṣọ̀n, wáyà méjì yìí kọ́ ni wọ́n ń lò.

Mítà yín náà ń sá fún wáyà. Bọ́tìnnì méjìlá lójú kíípáàdì, ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, ká fi gírándì kún un, ó di 13. Kíípáàdì irú rẹ̀ ń fi méje ṣe é, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Èyí tí mítà wà lórí òpó tí kíípáàdì wà nínú pálọ̀ tún wá ju ìyẹn lọ: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wáyà tirẹ̀ rárá. Ẹ ń tì í bọ sókẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba orí wáyà iná tó wọ ilé bá mítà òkè sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ń gba afẹ́fẹ́. Nítorí pé mítà gbogbo àdúgbò lè wà lórí òpó kan náà ni wọ́n ṣe ń tẹ nọ́ńbà mítà tiyín sínú kíípáàdì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé.

Ẹ̀yin tó ń ṣàtúnṣe nǹkan, ẹ sún mọ́ rédíò díẹ̀. Bí wáyà bá kéré báyìí, àìsàn ẹnì kan di àìsàn gbogbo wọn. Áísì kan tó kú, tó fa SDA rọ̀ mọ́ gírándì, kò ní í jẹ́ kí èyíkéyìí sọ̀rọ̀ mọ́. Tẹlifíṣọ̀n á tan iná pupa, kò ní í ṣí. Àwọn kan á sì sọ fún oníbàárà pé pánẹ́ẹ̀lì ti lọ, kó lọ ra òmíràn. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ gbé mítà tí ẹ fi ń wọn fóòtì lé SDA àti SCL kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, ìwọ̀n iná kíkún ló yẹ kó wà lórí méjèèjì, fóòtì márùn-ún tàbí 3.3, torí rẹ̀sísítọ̀ ló ń fà wọ́n sókè. Bí SDA bá jókòó sí òdo láìgbéra, ẹnì kan ń dì í mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ SDA àwọn áísì yẹn sókè níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ gbé tí fóòtì padà, òun lolè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, mẹ́mọ́rì áísì ni, kò sì wọ́n.

Nígbà mìíràn kò sí áísì kankan tó kú. Iná wa tó máa ń ṣẹ́jú, èyí tí kò lọ pátápátá, tó kàn rẹlẹ̀ tó tún padà nígbà tí ẹ ń yí kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, lè mú kí áísì ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lákọ̀tun láàárín ọ̀rọ̀. Áísì tó ń dá a lóhùn kò mọ̀. Ó ti fa SDA wálẹ̀ fún òdo tó fẹ́ fi ránṣẹ́, ó ń retí ìlù tó kàn, ìlù kò dé. Ọ̀gá wo SDA, ó rí i nílẹ̀, òun náà ń retí. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ dọ̀la. Ẹni tó ń kọ ètò sínú ẹ̀rọ, kó jẹ́ kí ọ̀gá máa lu ìlù mẹ́sàn-án lórí SCL nígbàkúùgbà tó bá jí. Áísì yẹn á parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, á sì tú SDA sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún pípààrọ̀ mẹ́mọ́rì áísì. 24C02 gba àdírẹ́sì kan, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ A0, A1 àti A2 yàn án láàárín mẹ́jọ. 24C08 ń gba mẹ́rin nínú mẹ́jọ yẹn. 24C16 kó gbogbo mẹ́jọ fún ara rẹ̀, ohun yòówù kí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá ní "ó tóbi jù ú lọ, kò burú," tó yọ 24C02 tó fi 24C16 sí i níbi tí mẹ́mọ́rì mìíràn ti wà lórí wáyà kan náà, méjèèjì ni yóò máa jẹ́ orúkọ kan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Mountain Top ní Ibafo àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀rọ tuntun, tiyín ló kù. Ẹ mọ ojú kékeré aláwọ̀ búlúù tó ń kọ ìlà méjì, lẹ́tà 16 ní ìlà kan. Ẹsẹ̀ 16 ló ní. Èyí tí wọ́n ti jó pánẹ́ẹ̀lì kékeré mọ́ lẹ́yìn, wáyà mẹ́rin péré ló kù níbẹ̀: iná, gírándì, SDA, SCL. PCF8574 ló wà lára pánẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì tó ń pín in fún àwọn ẹsẹ̀ ojú náà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń lọ ní ìdajì méjì, òkè kó tó kan ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ mítà.

Àròyé tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé iná tàn, ojú mọ́lẹ̀, lẹ́tà kankan kò jáde. Ẹ kọ́kọ́ yí nǹkan búlúù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú sìkúrú-díráífà, bóyá àwọ̀ lẹ́tà ló ṣá. Bí kò bá ṣe ìyẹn, àdírẹ́sì ni. PCF8574 ń jẹ́ 27 nínú òǹkà tó fi 16 ṣe ìpìlẹ̀. PCF8574A, tó jọ ọ́ bí ìbejì, ń jẹ́ 3F. Ẹ fi lẹ́ńsì ka ara áísì náà kí ẹ tó dá ẹni tó tà á fún yín lẹ́bi.

Bí ẹ bá fẹ́ ju ojú kan lọ, ẹ wo ara pánẹ́ẹ̀lì kékeré náà, ẹ ó rí ojú lẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, A0, A1, A2. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pa A0 pọ̀, 27 di 26. Mẹ́jọ ni ẹ lè rí bẹ́ẹ̀ lára PCF8574, mẹ́jọ mìíràn lára PCF8574A, ojú 16 lórí wáyà méjì. Àmọ́ pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbé rẹ̀sísítọ̀ tirẹ̀ wá láti fa SDA àti SCL sókè, 4.7k. Kí 16 jọ máa fà á, kò tó óòmù 300 mọ́, áísì tó fẹ́ fa wáyà yẹn wálẹ̀ ní láti gbé bíi mílíáǹpù 17, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni ìlànà ní kó lè gbé. Ẹ yọ rẹ̀sísítọ̀ ara àwọn yòókù, ẹ fi ti ojú kan tàbí méjì sílẹ̀, kí ẹ tó fún un níná.